Àǹtí Kíkẹ́, Ẹ̀rọ Ti Dákẹ́

Ó dìgbà kan ná o! Igi ńlá tó ń ṣíji bo agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan ti wó! Èmi Bàbá Olóyè, olórí ẹbí, tí ẹnikẹ́ni kò rí omijé mi rí, mo gbé gègé lónìí. Kíkẹ́, ọmọ àtàtà, o kò tilẹ̀ dágbére... Ẹ̀hẹ̀ẹ̀n. Ẹ jẹ́ n wúkọ́ ná.

Ohùn Bàbá Olóyè tí mò ń sín jẹ ti já mọ́ mi lẹ́nu. Àǹtí, ẹ̀yin kúkú ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Àwọn aládùúgbò rò pé kọ̀ǹpútà lẹ ń tún ṣe bíi tàwọn ará Ìdúmọ̀tà. Rárá o. Irinṣẹ́ lẹ kọ, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọpasẹ̀ ohun tó ń lọ nínú kánẹ̀ẹ̀lì, ètò tó jẹ́ ọkàn kọ̀ǹpútà gan-an. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà Èbúté Èrò rí ń lò ó lókè òkun.

Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, tí ojú yín kò lè kàwé mọ́, kánẹ̀ẹ̀lì tuntun jáde, irinṣẹ́ yín sì kọ̀, kò kọ́ńpáìlì mọ́. Ẹ̀rọ ò gbọ́ ohun tí ẹ kọ sí i mọ́. Ẹ ní, "Mi ò fẹ́ fi iṣẹ́ tó bàjẹ́ sílẹ̀ lọ. Kà á fún mi."

Mo wo ojú ẹ̀rọ, àṣìṣe ló kún un. Mo figbe ta.

Ẹ ní, "Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí o wò. Ẹni tó kọ́kọ́ pariwo lágboolé ni à ń bi léèrè, àwọn yòókù ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni. Ó yá, fi ohùn Bàbá Olóyè kà á, jẹ́ n rẹ́rìn-ín."

Mo wúkọ́. "Ẹ̀yin ènìyàn wa, a wá iṣẹ́ kan nínú ilé yìí, a ò rí i o!"

Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹ ní wọ́n ti yí orúkọ iṣẹ́ tí irinṣẹ́ wa máa ń rán kánẹ̀ẹ̀lì padà nínú èyí tuntun, irinṣẹ́ wa ṣì ń fi ti àtijọ́ pè é. Mo ní kí n pa orúkọ àtijọ́ rẹ́ kíá. Ẹ pariwo mọ́ mi: "Má dán an wò! Tí ìjọba bá yí orúkọ àdúgbò padà, ṣé àwọn àgbà Èkó ò ní pè é bí wọ́n ṣe ń pè é mọ́ ni? Ẹni tó ṣì ń lo kánẹ̀ẹ̀lì àtijọ́ ńkọ́? Kọ méjèèjì, kó pe kálukú ní orúkọ tó ń jẹ́."

Mo kọ ọ́, mo tẹ ẹ̀rọ. Kò sọ nǹkan kan.

"Àǹtí, ó ti kú ni?"

"Olódo mi. Tó bá ti dákẹ́, ó ti dára nìyẹn."

Ẹ yíjú sí ògiri, ẹ sùn, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu yín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀kọ wọlé. Mo fi ohùn Bàbá kí yín, ẹ dákẹ́. Mo fi ohùn Fadá ìjọ wa kí yín, ẹ dákẹ́. Mo wá fi ohùn ara mi pè yín.

Bàbá Olóyè ti ka ìwé ìdágbére yìí. Wọ́n ní àwọn kì í wúkọ́ báyẹn. Wọ́n wúkọ́, wọ́n ní ká tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú.

Ẹ̀yin lẹ ní tó bá ti dákẹ́, ó ti dára. Mo bẹ Ọlọ́run, kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ sùn re o, Àǹtí mi. Kì í ṣe Bàbá Olóyè. Mọ́jí ni, ọmọ àbúrò yín.