Aṣọ Tí Alágbàfọ̀ Kò Gbọdọ̀ Fọ̀

Alágbàfọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Kògbàdọ̀tí. Bí ẹ bá jókòó tì í, ọrùn aṣọ yín ni á kọ́kọ́ wò. Ọkọ rẹ̀ a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá sùn jù, ìyàwó òun á fọ òun, á sì sá òun sórí okùn.

Oyún ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méje ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò lára rẹ̀. Ọsibítù dá a dúró. Nọ́ọ̀sì bá pe ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ọmọ ò tíì gbó, a fẹ́ kó ṣì pẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò àrùn bá wọ àpò omi tí ọmọ wà nínú rẹ̀, a ò gbọdọ̀ dúró mọ́, a ó gbé ọmọ jáde ni. Aṣọ tí ọmọbìnrin yín bá fi gba omi, ẹ fi sílẹ̀ kí n wò ó, kí n gbóòórùn rẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ o!"

"Mo ti gbọ́, nọ́ọ̀sì mi."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ọwọ́ kì í gbọ́ràn bí etí. Bí ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe pààrọ̀ aṣọ láàárọ̀, kí ìyá tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà nídìí ẹ̀rọ omi, ọṣẹ ti ń hó. Ibẹ̀ ni òórùn kan ti bá a, bí aṣọ tútù tí wọ́n ká pamọ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ ti funfun báláú.

Bóyá imú òun ló ń parọ́? Bí òun bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ inú gbó. Bí òun bá dákẹ́ ńkọ́?

Ó padà sídìí bẹ́ẹ̀dì.

"Màámi, òtútù ń mú mi."

Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀: ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù! Ó di eré.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú! Mo ti fọ̀ ọ́. Ó sì ń rùn kí n tó fọ̀ ọ́!"

"Háà, Màmá! Àṣejù yìí náà ni?"

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti ń sáré. Ó wọn ìgbóná ara, ó tẹ́tí sí ọkàn ọmọ inú; ọkàn náà ń sáré jù.

"Ẹ mú aṣọ tó wà lára rẹ̀ báyìí wá fún dókítà!"

Ìyá Kògbàdọ̀tí gbé aṣọ ìdọ̀tí náà gba àárín èrò kọjá, kò ká a, kò bò ó. Dókítà gbóòórùn rẹ̀, ó ní àrùn ti wọ àpò náà. Wọ́n ti ọmọbìnrin rẹ̀ wọ yàrá ìgbẹ̀bí, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

Ìyá ń rìn síwá sẹ́yìn títí igbe kan fi jáde, tín-ín-rín, bíi ti ọmọ ológbò.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Àwọn méjèèjì wà láàyè. Àmọ́ a ṣì ń ṣọ́ wọn o." Ó kó aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Ìwọ̀nyí, ẹ lè fọ̀ wọ́n."

Ó gbà wọ́n, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò fọ nǹkan kan.