Fèrèsé Tó Ń Wo Ẹsẹ̀

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí inú tó tún bí mi: wọn ò ṣe ọkọ mi níbi. Oore ni wọ́n ṣe é. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí, torí ẹni tó bá ṣe ọ́ níbi, o lè bú u kí ara tù ọ́. Ẹni tó ṣe ọ́ lóore ńkọ́? Kí lo fẹ́ wí fún un?

Ṣúmékà ni ọkọ mi. Inú yàrá kan lábẹ́ ilé alájà tó wà ní ìkòríta wa ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ilẹ̀ yàrá náà lọ sísàlẹ̀ ju ojú títì lọ. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, òkè lábẹ́ àjà ló wà, ṣùgbọ́n tó o bá dúró síta, kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ rẹ lọ. Ọkọ mi á jókòó sórí àpótí, á máa ran bàtà, á sì máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Tó bá ti rí bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sápá kan, tàbí èyí tó ti ń yanu níwájú, á na ọ̀pá gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi kan gíláàsì, kó-kó-kó. Ẹni yẹn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú, ọkọ mi á sì nàka sí bàtà rẹ̀. Bó ṣe ń rí iṣẹ́ nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí Bàbá Kókókó.

Ọkùnrin náà kì í mọ ojú èèyàn. Tá a bá pàdé oníbàárà rẹ̀ lọ́nà, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò kó tó kí i. Èmi gan-an, ó ti tún bàtà mi ṣe tán kó tó gbójú sókè wò mí. Mo máa ń sọ fún un pé ká ní bàtà gidi ni mo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjọba ìlú wá ní àjọ kan tó ń ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́ kí òwò wọn lè gbòòrò. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n rán sí wa, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ni mo bá sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó fọwọ́ kan ògiri tó tutù, ó gbọ́ ikọ́ ọkọ mi, omi sì lé sí i lójú. Ó ní irú ọwọ́ báyìí ò yẹ kó wà nínú ihò. Àjọ àwọn ti kọ́ ilé tuntun fáwọn oníṣẹ́ ọwọ́, òun á gba yàrá fún un ní àjà kẹta, ọ̀fẹ́ ni títí ọdún á fi yípo. Tí iṣẹ́ bá gbèrú, yàrá di tiẹ̀. Tí kò bá gbèrú, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì tó ń dúró. Yàrá abẹ́ ilé, kó fà á lé àwọn lọ́wọ́, torí wáyà iná ìlú máa gba ibẹ̀. Ọkọ mi dúpẹ́ títí ẹnu fi ń gbẹ ẹ́. Èmi náà dúpẹ́. Ta ni kò ní dúpẹ́?

Yàrá náà dáa. Ògiri funfun, àga fáwọn oníbàárà, fèrèsé tó gba ìdajì ògiri. Ọkọ mi lọ sídìí fèrèsé, ó wo títì nísàlẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń wò.

“Orí,” ló sọ. “Orí nìkan ni mo ń rí.”

Síbẹ̀ ó na ọ̀pá. Kó-kó-kó. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ láti àjà kẹta? Ó tún kàn án, ó kàn án tagbáratagbára, àfi bí gíláàsì ṣe là. Ẹlẹ́rìn-ín sáré dé, kò bínú, ó ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀ wá pé ká jọ̀ọ́ fi ọ̀pá sílé. Èmi ni mo gbé e lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín in. Mo rín in lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń wò mí.

Oníbàárà ò wá. Wọ́n kọ́ ọkọ mi bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán bàtà sórí fóònù, pé ẹni tó bá ń wá ṣúmékà á rí i. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá bi Ẹlẹ́rìn-ín ní ìbéèrè kan, ohùn rẹ̀ ò le.

“Ọmọ mi, ẹni tí kò mọ̀ pé bàtà òun ń kú lọ, báwo ló ṣe máa wá mi?”

Ọmọ náà gbéra. Ó lọ bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fún bàbá ní yàrá ìsàlẹ̀. Wọ́n ní báńkì ti gba gbogbo ìsàlẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá a padà sí abẹ́ ilé. Wáyà ti kún ibẹ̀, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé. Nígbà tó ń jíṣẹ́ fún wa, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ti to èébú jọ sẹ́nu dè é, mo gbé e mì.

Ọjọ́ tí ọdún yípo, ọkọ mi dá kọ́kọ́rọ́ padà, a forí lé ilé. A dé ìkòríta wa, mo rí i pé wọ́n ti lẹ àwòrán ńlá kan mọ́ ògiri, ibi tí fèrèsé wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọkọ mi ni, ó ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá funfun, ọjọ́ tá a kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni wọ́n yà á. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ÒWÒ Ń GBÒÒRÒ. Mo fẹ́ fà á ya. Ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú.

Kò tiẹ̀ wo àwòrán náà. Obìnrin kan ló ń wò, tó gbé ẹrù sọ́wọ́ méjèèjì, tó ń sáré kọjá níwájú àwòrán náà. Gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ọ̀tún ti fẹ́ já. Ọwọ́ ọkọ mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ọ̀pá máa ń wà, ó fọwọ́ wá a títí. Obìnrin náà yà síwájú, a ò rí i mọ́.

“Kò mọ̀,” ni ọkọ mi wí fún mi. “Ìyá wọn, kò mọ̀.”