Irorẹ́ Abẹ́ Ìbòmú

Lásìkò kòrónà, èmi aránṣọ ni mo rán ìbòmú fún ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò wa n'Ìwó. Síbẹ̀, ẹyọ kan ni èmi fúnra mi ń lò, n kì í sì í fọ̀ ọ́. Irorẹ́ bo àgbọ̀n mi. Mo fi páúdà bò ó, ó tún pọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tí wọ́n wá gba aṣọ wọn tẹjú mọ́ mi. "Ìgbà wo lo ti fọ ìbòmú yìí?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan."

"Há! Rán òmíràn kún un. Máa fọ̀ wọ́n lójoojúmọ́. Pa páúdà tì."

Irorẹ́ náà gbẹ, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Nínú gbogbo àwọn oníbàárà mi, n kò sọ fún ẹnì kan ṣoṣo pé kó máa fọ tirẹ̀.