Ṣàkírù Tí Í Kẹ̀yìn sí Bọ́ọ̀lù

Bẹ́ ẹ bá dé àdúgbò Lotto ní Mowe lọ́jọ́ Sátidé, tí kílọ́ọ̀bù aláṣọ pupa yẹn bá ń gbá bọ́ọ̀lù (n kò ní dárúkọ wọn, mi ò fẹ́ kí ìjà bá mi wọlé), ẹ óò rí ọkùnrin kan níwájú ilé ìwobọ́ọ̀lù Lásúnkànmí. Orí bẹ́ǹṣì ló máa wà, ojú rẹ̀ sí títì, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri, etí rẹ̀ méjèèjì sínú ilé. Ó ti sanwó ìwọlé bíi gbogbo ayé o. Ṣàkírù nìyẹn, ọmọ Ìwó tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó o láti Mowe dé Ibafo.

Ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe é ni pé ojú rẹ̀ ò dára fún bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tó bá ti wò, bọ́ọ̀lù á wọlé wọn. Bí eré bí eré ló bẹ̀rẹ̀. Ó wọlé lọ́jọ́ kan nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn pupa ti fi ayò méjì síwájú. Kó tó rí ibi jókòó sí, ó ti di méjì sí méjì. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún dán an wò, gólí wọn fọwọ́ ara rẹ̀ ti bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Super Eagles ń gbá pẹnáritì fún ọ̀nà àtilọ sí World Cup, ó búra pé òun ò ní wò, ó kàn fi ojú kan yọ lẹ́nu ọ̀nà ni. Gbogbo wa la mọ bọ́rọ̀ ọjọ́ yẹn ṣe parí.

Látìgbà náà ló ti ní bẹ́ǹṣì tirẹ̀. Àwọn pupa ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ra mọ́ọ̀tì fún un kó má bàa dìde. Àwọn ọ̀tá náà ò sì sùn. Wọ́n á nu àga iwájú, wọ́n á ní, "Brọ̀dá Ṣàkí, oòrùn yẹn ti pọ̀ jù, ẹ wọlé wá gba atẹ́gùn fáànù." Kò jẹ́ dìde. Ariwo ló fi ń wo bọ́ọ̀lù, bó bá sì parí, àlàyé rẹ̀ á pé ju ti ẹni tó fojú rí i. Ó ní ta ló kọ́ àwọn gólí òde òní láti máa pín bọ́ọ̀lù níwájú ilé ara wọn bí ẹni ń pín mọ́ínmọ́ín. Ó ní VAR tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹn, òun tí òun ń gé alumíníọ̀mù jẹun gan-an kì í wọn nǹkan tó bẹ́ẹ̀.

Nílé, ọ̀rọ̀ náà ò pani lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Nàfísàt ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì níléèwé láti ọdún méjì. Òun ló máa ń ju bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á di pákó mú níwájú igi mẹ́ta, Nàfísàt á sáré wá, á ju bọ́ọ̀lù kékeré líle kan, kó lè fi wó igi yẹn lẹ́yìn onípákó. Bàbá rẹ̀ ò wá wo kíríkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó lọ wo ọmọ yẹn, nígbà tí wọ́n ń sáré ìje ní praimárì, ọmọ ṣubú kí fèrè tó dún tán. Ṣàkírù gbà pé ojú òun ló gbé e lulẹ̀, kò sì sọ fún ọmọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Nàfísàt kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ó ní, "Dádì, Sátidé la máa gbá fáínàlì pẹ̀lú àwọn ará Ibafo, níléèwé wọn. Miss Delight ní ká pe àwọn òbí wa." Miss Delight ni tíṣà eré ìdárayá wọn.

"Sátidé kẹ̀? Mo ní fèrèsé tí mo fẹ́ lọ kàn ní Ajuwon."

"Gbogbo ìgbà lẹ máa ń ní fèrèsé." Ọmọ náà tún gbìyànjú. "Ẹ ò gbọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà na New Zealand ní World Cup kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn ọ̀dọ́? Ṣé ẹ tiẹ̀ wò ó?"

"Mi ò wò ó. Ìdí tí wọ́n fi borí nìyẹn."

Ó rò pé ọmọ á rẹ́rìn-ín. Ọmọ gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Fàsílátù ìyàwó rẹ̀ gbé tíì ka iwájú rẹ̀. "Bàbá Nàfísàt, èmi pẹ̀lú yín la mọ̀ pé torí ojú yín lẹ ṣe ń sá. Ọmọ ò mọ̀. Ó bi mí lánàá pé tóun bá jẹ́ ọkùnrin, ṣé ẹ óò wá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Irin mẹ́ta ló gé kúrú ju bó ṣe yẹ lọ lọ́jọ́ yẹn. Bóun bá lọ, ọmọ á pàdánù ife. Bóun ò bá lọ, ọmọ á gbà pé bàbá òun ò ka òun sí. Ó gbé e síwá, ó gbé e sẹ́yìn, títí Sátidé fi dé.

Ó wọ jẹ́sì pupa rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Ibafo. Eré ti wọra nígbà tó dé pápá iléèwé náà. Ó rí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́bàá ìlà, ó jókòó lé e, ó sì kẹ̀yìn sí pápá. Lójú tirẹ̀, ó ti rọ́gbọ́n dá: òun wá, òun ò sì wò.

Obìnrin kan tó jókòó sórí ẹní nítòsí wò ó títí. Ìbíwùnmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ tirẹ̀ wà lára àwọn ọmọ Ibafo. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn yín ni wọ́n ti ń gbá a o."

"Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó sí mélòó?"

"Àwọn ọmọ Mowe ti gbá tiwọn tán, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n ní. Tiwa ti di mẹ́tàlélọ́gọ́rin."

Ṣàkírù di orí mú. Ó ní ayò mẹ́tàlélọ́gọ́rin wọlé, kí wá ni gólí ń ṣe níbẹ̀? Ìbíwùnmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé kò sí gólí, eré tí wọ́n ń sá láti igi dé igi ni wọ́n ń kà, bí onípákó bá sì gbá bọ́ọ̀lù yí kọjá ìlà pápá, ó di mẹ́rin. "Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló kù, mẹ́rin la nílò. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan oníhíjáàbù ló ń jù ú báyìí. Ọwọ́ ọmọ yẹn le."

Inú Ṣàkírù dùn, ó mọ̀ pé Nàfísàt ni. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré, àwọn ará Mowe pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ ti bọ́ọ̀lù kejì tún pọ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ. "Tiwa ò rí nǹkan kan gbá," Ìbíwùnmí ní, ó sì fajú ro. Ó ku bọ́ọ̀lù mẹ́rin. Ṣàkírù fọwọ́ méjèèjì di búlọ́ọ̀kù mú, ó ń ṣe àdúà lábẹ́ ahọ́n.

Pápá wá dákẹ́. Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rọra rìn.

"Dádì."

Ta ni ò mọ ẹ̀yìn Ṣàkírù ní Mowe? Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń wò ó, ká má tíì sọ ọmọ tó bí.

"Padà síbẹ̀, ọmọ mi. Ẹ ti fẹ́ borí. Tí mo bá yíjú, mo ti bà á jẹ́ fún yín."

Nàfísàt ò kúrò níbẹ̀. "Ṣé nítorí ìyẹn lẹ ò ṣe wá wò mí láti ọjọ́ yìí?"

Ṣàkírù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ yíjú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò mí."

Miss Delight ń pè é láti ọ̀ọ́kán, rẹfirí náà ń pè é. Kò mira. Ìgbà tó rí ojú bàbá rẹ̀ ló tó padà sí ipò rẹ̀.

Ṣàkírù wò ó. Ọmọ rẹ̀ rìn sẹ́yìn, ó ká bọ́ọ̀lù mọ́wọ́, ó wá sáré bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ yí lókè orí, bọ́ọ̀lù sì já. Ọkùnrin yìí ti fi ogún ọdún sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, kò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ Ibafo gbá a. Bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri kọjá ìlà, eré sì tán.

Àwọn ará Ibafo ya wọ pápá. Ìbíwùnmí jó kúrò lórí ẹní, ó yí sí Ṣàkírù, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ yíjú."

Ṣàkírù fọwọ́ bojú. Ibẹ̀ ni Nàfísàt bá a, tòógùn tòógùn.

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i. Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Ọmọ yẹn ló mọ̀ ọ́n gbá, Dádì. Mi ò béèrè ibi tí bọ́ọ̀lù lọ. Bí mo ṣe jù ú ńkọ́?"

Ọkùnrin náà yọwọ́ lójú. Ó ní ọmọ ò wo ilẹ̀ rárá nígbà tó ń sáré, igi àárín ló tẹjú mọ́. Ó ní èjìká rẹ̀ ò mì. Ó ní ọ̀nà tí ọwọ́ yẹn gbà yí, òun ò rí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, títí kan àwọn tí wọ́n ń sanwó fún gan-an. Láti pápá títí dé ẹnu títì ló ń sọ ọ́, ọmọ ń gbọ́. Ọkọ̀ Mowe dé, kọ̀ndọ́ ń pariwo kí wọ́n wọlé. Nàfísàt ò gbẹ́sẹ̀.

"Ẹ tún un sọ," ó ní.

Ṣàkírù tún un sọ.