Ilé Bàbá Ràímì

Gbogbo Ọ̀fà ló mọ ọjọ́ tí Ràímì Àkànbí fi ìgbálẹ̀ lé àwọn tíṣà.

Lọ́dún 1958, Tíṣà Adétóyè fẹ́ kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo ahoro àtijọ́. Àwọn kan ní Ọ̀yọ́-Ilé, àmọ́ ọ̀nà jìn, ejò sì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n wá mú agboolé kan tí ogun fọ́ lẹ́yìn ìlú. Ilé bàbá Ràímì ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó mú wọn yí i ká, inú rẹ̀ sì dùn pé àlejò ń bọ̀.

Ta ní í gba àlejò sínú ilé tó wó? Ràímì po amọ̀, ó dí ògiri tó ya, ó fi ẹfun kùn ún, ó sì fi koríko bo yàrá kan. Nígbà tí àwọn tíṣà fi máa sọ̀ nínú lọ́rì tàwọn ti kámẹ́rà, ó ti tẹ́ ẹní, ó ti bu omi tútù kalẹ̀.

"Baba, ahoro náà dà?" ni Adétóyè bi í.

"Ahoro wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi hàn wá. Ẹ ti bà á jẹ́!"

"Ilé bàbá mi lò ń pè láhoro? Ilé bàbá tìẹ ni yóò dahoro!"

Ó fa ìgbálẹ̀ yọ, ó sì fi lé wọn jáde. Dírẹ́bà nìkan ló ráyè mu omi.

Èmi tí mo jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ò dá a lẹ́bi. Inú ṣì ń bí mi di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ò tiẹ̀ kí onílé, ẹ wá fẹ́ ya àwókù rẹ̀ ní fọ́tò!

Lóòótọ́, ìbínú Ràímì ti pọ̀ jù. Òjò pa èlùbọ́ rẹ̀ nígbà kan, ó dúró ní gbangba, ó ń bú òjò títí òun náà fi rin gbingbin.

Lọ́jọ́ àwọn tíṣà yẹn náà ló kó lọ sílé ọ̀hún. Ó ní ilé téèyàn ń gbé kì í ṣe ahoro. Àríkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló ń gbé oúnjẹ lọ bá a, tó ń ráhùn.

"Bàálé mi, ẹ wá ń gbénú igbó bí ọ̀kẹ́rẹ́!"

"Gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, kó o máa lọ!"

Ràímì kú lọ́dún 1966. Lẹ́yìn fídáù, èmi àtàwọn ọmọ wọn wá Àríkẹ́ títí. Inú yàrá yẹn la ti bá a, ó ti kó ìkòkò rẹ̀ dé, ó ń gbálẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Ta ni kí n fi síbí? Ẹ̀yin náà mọ bí bàbá yín ṣe máa ń bínú."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la rí i pé ó ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó tún sọ fún un pé kó ká lọ sílé.