Nansikombi Ra Sitíìkì Nítorí Orúnkún

Nansikombi kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń sọ fún pé ohun kan ò ṣeé ṣe. Bí ẹ bá ní òjò ń bọ̀, á ká ẹní rẹ̀ wọlé láìjiyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kò lè rí ọmọ rẹ̀, ìjà lẹ wá yẹn. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọ tó fẹ́ rí ni Nakibuule, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tó ń gbá nẹ́tíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí àwọn obìnrin ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n, jẹun ní England.

Orúnkún òsì ọmọ náà ló yẹ̀ nígbà òtútù, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Láti ìgbà náà, bí ìyá bá ti pè é, èsì kan náà ni: "Ó ti san, Maama. Ẹ má dààmú." Fọ́tò tó ń fi ránṣẹ́ kì í kọjá ìbàdí. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rí, wọn kì í rí ẹsẹ̀. Nansikombi á gbé fóònù sún mọ́ ojú, á tún gbé e jìnnà, á wá máa kùn pé, "Ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í fi ìdajì ara ránṣẹ́ sílé."

Òun náà gbá bọ́ọ̀lù yìí rí, láìwọ bàtà, fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń já ewé tíì, kó tó di ìyàwó ilé, kó tó di opó tó ń hun ẹní tà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nígbà náà fi orúnkún tí kò tíì san fò sókè lọ́jọ́ kan, kò sì rìn gún régé mọ́ títí di òní. Ohun tí Nansikombi rí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ ò fi balẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé pé Nakibuule máa padà sórí pápá ní Sátidé, ìpinnu ìyá ti parí: òun gbọ́dọ̀ fi ojú ara òun rí bí ọmọ náà ṣe ń balẹ̀ bó bá fò.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣàfihàn eré náà. Nantume, àkọ́bí rẹ̀ tí ìyá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Mukono, ní ilẹ̀ Uganda, gbé fóònù tirẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kó fi eré ọjọ́ mìíràn dán an wò.

"Kí lẹ rí, Maama?"

"Èèrà. Èèrà mẹ́rìnlá tó ń sáré kiri."

Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà ní pálọ̀ Ssebowa, ọkọ Nantume, èyí tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì nínú. Ṣùgbọ́n ta ló bí i dáa tó máa lọ jókòó ní pálọ̀ àna rẹ̀ ọkùnrin? Nínú àṣà ilẹ̀ wọn, ìyá ìyàwó àti ọkọ ọmọ rẹ̀ kì í wà nínú yàrá kan náà, wọn kì í bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn kì í sì í jẹun pọ̀. Ẹni tó bá rú èèwọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n dọjọ́ alẹ́. Ìdí nìyẹn tí Ssebowa fi kọ́ yàrá kan fún un mọ́ ara ilé, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn ògiri ló sì ti máa ń kí i láràárọ̀. Ẹ̀yìn ògiri náà ló wà tó fi sọ èrò rẹ̀.

"Maama, ní Sátidé, èmi á gba ilé ọtí lọ. Ẹ wá lo pálọ̀."

"Kí aráyé lè ní mo lé ọkùnrin jáde nílé tó fi owó rẹ̀ kọ́? Ẹ jókòó sílé yín, àna mi. Mo máa wá tèmi."

Tèmi yẹn ni Nantume tú fún un: sitíìkì kékeré kan wà tí kò ju ìka méjì lọ, tí wọ́n ń kì bọ ihò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n tí kò mọ̀ ju ìròyìn lọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba íńtánẹ́ẹ̀tì. Irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ ló wà nínú yàrá ìyá, èyí tí pálọ̀ ti kọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín rà á bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀," Nantume wí.

"Ìwọ? Ìwọ tó ra bàtà fún mi lọ́jọ́sí, tí àtàǹpàkò mi ń yọjú wo ọ̀nà? Mi ò fẹ́."

Ohun tí bàtà yẹn kọ́ ọ ló fi ṣe ìwà. Kò ní ra nǹkan fún ẹsẹ̀ tó jókòó sílé mọ́: tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọjà. Lọ́jọ́rú, ó yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lórí tábìlì, ó fi aṣọ ìbùsùn dì í, ó sì pe ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà wò ó, ó wo ẹrù.

"Jjajja, ìyá àgbà, ṣé wọ́n lé yín nílé ni?"

"Ọ̀kadà ni mo pè, mi ò pe agbẹjọ́rò. Wà á."

Ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́, ó gbá tẹlifíṣọ̀n mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìgboro Mukono. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà ló kí i kú ìpalẹ̀mọ́.

Kateregga lorúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ó lẹ́nu bí oyin. Bó ṣe rí aṣọ ìbùsùn tó ń tú, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹlifíṣọ̀n tuntun.

"Jjajja wa, ẹ jẹ́ ká fi èyí sinmi. Ó ti darúgbó."

"Èmi náà ti darúgbó. Ṣé ìwọ náà máa rọ́pò mi? Sitíìkì ni mo wá rà."

Kateregga rẹ́rìn-ín, ó to mẹ́ta sílẹ̀. Àkọ́kọ́ wọ́n gan-an. Ó ní àwòrán rẹ̀ mọ́ débi pé wọ́n á máa rí òógùn lójú ẹni tó ń sáré. Nansikombi ní kó kì í bọ ihò. Ó kì í bọ̀ ọ́, àwòrán sì yọ, ṣùgbọ́n kò mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí Nansikombi fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò dáadáa, Kateregga jẹ́wọ́ pé tẹlifíṣọ̀n tó mọ́ ju èyí lọ ni sitíìkì náà wà fún.

"Ìyẹn ni pé kí n ra ìgàn àrán fún ẹni tó ń lọ oko. Gbé e kúrò."

Èkejì ló dínwó jù. Kateregga ní kò sí ohun tí kì í gbà.

"Jẹ́ kí n rí nẹ́tíbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin England níbẹ̀."

"Ẹ bá dé ilé tán, Jjajja, ẹ ó..."

"Mi ò tíì fẹ́ lọ ilé. Níbí, lójú mi."

Ó wá a, ó wá a. Sinimá wà níbẹ̀, ìjàkadì wà níbẹ̀, ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ ní oríṣiríṣi èdè. Ìwòran nẹ́tíbọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀, kò wọlé. Àwọn oníbàárà mìíràn ti dé, wọ́n ń dúró, Kateregga sì ń fi ọwọ́ nu iwájú orí. Nansikombi wá àpótí kan jókòó lé. Ó ní òun kò kánjú.

Ẹ̀kẹta ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò wọ́n, kò sì pọ̀ jù. Ó bá ihò mu, ó wá pápá England jáde, bọ́tìnnì rìmóòtù rẹ̀ kò pọ̀, ó sì tóbi. Kateregga tún fẹ́ fi kún ọlá rẹ̀ pé èèyàn lè bá rìmóòtù náà sọ̀rọ̀.

"Mo ti bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ láyé mi, kò gbọ́. Mi ò ní bá igi sọ ọ́. Dì í fún mi."

Owó ẹní ló fi san án. Kateregga fúnra rẹ̀ ló gbé tẹlifíṣọ̀n lé e lẹ́sẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó sì ní bí gbogbo oníbàárà bá rí báyìí, òun á ti ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé ìyìn ni.

Lọ́sàn-án Sátidé, Nantume so ó pọ̀. Ó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí i, torí Ssebowa ló ti sanwó ìwòran náà ṣáájú, ó fi ibi tí ìyá rẹ̀ máa tẹ̀ hàn án, ó sì sáré lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí àkókò tó, Nansikombi tẹ́ ẹní tuntun síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó kúnlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Sitíìkì bi í pé ta ló fẹ́ wòran. Lábẹ́ ìbéèrè náà ni ojú Ssebowa yọ sí, ó gbòòrò bí àtẹ, ó ń ṣẹ́yín, èjìká rẹ̀ méjèèjì wà níhòòhò.

Nansikombi figbe ta. Ó da aṣọ ìbùsùn bo tẹlifíṣọ̀n, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde sínú ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Àna mi! Kí lẹ ń wá nínú yàrá mi?"

Ohùn Ssebowa gba ojú fèrèsé jáde. "Èmi kẹ̀? Maama, pálọ̀ ni mo wà!"

"Ẹ wà lórí tẹlifíṣọ̀n mi! Ẹ ò sì wọ ẹ̀wù!"

Ọkùnrin náà kérora bí ẹni tí akéekèé ta. "Yéè! Fọ́tò tí mo yà létí adágún ló wà lára orúkọ mi! Maama, ẹ dárí jì mí. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́, á kọjá."

"Kí èmi fi ọwọ́ mi tẹ àna mi lára? Ṣé kí n máa gbọ̀n ni? Ẹ yọ ojú yín kúrò níbẹ̀!"

"Eré ti bẹ̀rẹ̀, Maama!"

"Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa yára."

Ọkùnrin náà gbé fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá dúró láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, inú ń bí i, ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ òun ti lè máa fò láìsí ẹni tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n kò wọlé.

"Ẹ wọlé, Maama," Ssebowa ké nígbẹ̀yìn. "Mo ti di ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Ó ká etí aṣọ sókè díẹ̀. Òótọ́ ni. Ìdì matooke kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí wọ́n ń sè jẹ, ló wà níbi tí ojú náà wà. Ó tẹ̀ ẹ́, pápá England sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Orí àga ìsinmi ni Nakibuule wà ní ìdajì àkọ́kọ́. Ní ìdajì kejì, wọ́n mú un wọlé. Nansikombi fi eékún wọ́ dé ibi tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Bọ́ọ̀lù ń lọ sókè, ọ̀tá ti na ọwọ́, Nakibuule fò, ó já a gbà lófuurufú. Àwọn òyìnbó pariwo. Ssebowa lu ògiri láti pálọ̀.

"Maama! Ẹ rí i? Ẹ rí bó ṣe já a gbà?"

Ẹsẹ̀ ni ìyá ń wò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni ọmọ náà fi balẹ̀. Ó fi ti òsì kan ilẹ̀ lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ tọ́ omi gbígbóná wò. Ó lè jẹ́ èèṣì. Ó tún fò, ọ̀tún náà ni. Ó tún fò. Bí wọ́n bá fun fèrè, á rọ gbogbo ara sí ọ̀tún, á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín fọ́tò ni. Nígbà tí wọ́n borí, tí Ssebowa ń jó ní pálọ̀, ọmọ náà ń fò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan.

Fóònù dún.

"Maama! A borí! Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo rí i."

"Lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi?"

"Lórí tẹlifíṣọ̀n tèmi, nínú yàrá tèmi. Láti orí rẹ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀."

Ọmọ náà fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

"Ọ̀tún lo fi ń balẹ̀, Nakibuule."

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, Maama, ọ̀nà tuntun ni..."

"Má parọ́ fún mi. Sọ fún àwọn dókítà yín lónìí. Bí o ò bá sọ, mo máa pè wọ́n, èdè yòówù kí wọ́n gbọ́. Sátidé tó ń bọ̀, mo tún ń wò ọ́."

Orin ìṣẹ́gun àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan pa dé, orin náà sì lọ sílẹ̀. Ohùn ọmọ náà wá kéré, ó dà bíi ti ìgbà tó wà lábẹ́ ọdún mẹ́wàá.

"Ó ń dùn mí, Maama. Ojoojúmọ́ ló ń dùn mí. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á dá mi padà sílé."

Nansikombi fi ìdí lélẹ̀ lórí ẹní. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Kí ló ṣe ilé?" ó wí. "Fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn wá sílé, ọmọ mi."