Àga Awọ Abọ́dúndé

Ní Pápá Àjàó, bí o bá béèrè obìnrin tí ń rán àga mọ́tò, ọmọdé pàápàá yóò nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù Adùnọlá. Iṣẹ́ ọkùnrin ni iṣẹ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn ẹbí ní kí ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá náà, Adùnọlá kò tà á. Ó wá àga àtijọ́ kan, ó tú u palẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe rán an, ó sì tún un rán padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ ara rẹ̀. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í wọ́. Oníbàárà tó bá ń kán an lójú, yóò ní kí ó máa gbé mọ́tò rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń sáré.

Adùnọlá ní ohun kan níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí tí ẹlòmíràn kò ní ládùúgbò. Gọ́tà jìn níbẹ̀, olúkúlùkù onílé sì da kọnkéré lé e kí mọ́tò lè gba orí rẹ̀ wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn kọnkéré wọ̀nyí ga ṣonṣo, nítorí àwọn onílé gbé ilé wọn sókè kí àgbàrá má baà bá wọn lórí ibùsùn. Ti Adùnọlá nìkan ló tẹ́ pẹrẹsẹ. Mọ́tò ni oúnjẹ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí mọ́tò kankan fi ikùn họ ilẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ òun.

Abọ́dúndé ni aládùúgbò rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ìjọba. Ògiri kúkúrú kan ló pààlà láàrin àgbàlá àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1986, Abọ́dúndé ra Bẹ́ńsì dúdú kan, ó sì gbé e wá bá Adùnọlá pé kí ó bá òun fi awọ pupa rán àga rẹ̀. Adùnọlá rán an bí ẹni ń rán aṣọ ìyàwó. Nígbà tí ó parí, Abọ́dúndé fọwọ́ pa awọ náà títí, ó ní ọwọ́ Ìyá kò ní í rọ láé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Mobọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Adùnọlá bí, gbé oyún àkọ́kọ́ wá sílé ìyá rẹ̀ láti wá bímọ. Láyé ìgbà yẹn, ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ìjọba á ní kí gbogbo ayé jáde wá gbálẹ̀, kí wọ́n kó pàǹtírí inú gọ́tà. Mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ rìn títí aago mẹ́wàá àárọ̀, àfi ti ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ. Abọ́dúndé ní in. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú Bẹ́ńsì rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń rí i.

Sátidé ìmọ́tótó bẹ́ẹ̀ ni omi já mọ́ Mobọ́lá lẹ́sẹ̀, kò sì tíì tó àsìkò. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú omi náà. Adùnọlá ju ọkọ́ tó fi ń kó gọ́tà sílẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé ògiri lọ bá Abọ́dúndé. Ó bá a níbi tó ti ń fi aṣọ pélébé nu mọ́tò rẹ̀. Ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó gbé àwọn dé ọsibítù Ìdí-Àràbà, kò jìnnà.

Abọ́dúndé wo Bẹ́ńsì, ó wo Adùnọlá. Ó ní, “Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ rán awọ yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Omi ara ọmọ yín á ba àga mi jẹ́. Ẹ jẹ́ kí aago mẹ́wàá lù, ẹ ó rí takisí.”

Adùnọlá ní òun á tẹ́ aṣọ. Ó ní òun á tẹ́ ọ̀rá. Ó ní bí ó bá bàjẹ́, òun á tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́ títí òun á fi kú. Abọ́dúndé mi orí, ó ń nu mọ́tò rẹ̀ lọ.

Mùktárù tí ń fi ọmọlanke ta omi ló da gbogbo kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní sínú ọmọlanke, wọ́n gbé Mobọ́lá sí i, Mùktárù ń tì, Adùnọlá ń di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú. Ohun tí Adùnọlá kò lè gbàgbé ni ìró táyà onírin náà lórí òkúta, àti bí àwọn ológun ṣe dá wọn dúró lójú títì láti bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò gbálẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé Ìdí-Àràbà, ọmọ ti kú sínú. Ọkùnrin ni. Mobọ́lá yè é, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, oyún kò dúró sí i lára mọ́.

Ìyàwó Abọ́dúndé gbé ọsàn wá kí wọn. Adùnọlá gbà á, ó dúpẹ́, ó dúró títí obìnrin náà fi wọlé, ó sì da ọsàn náà sínú gọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bá Abọ́dúndé jà. Abọ́dúndé ń kí i láràárọ̀, òun náà ń dá a lóhùn. Nígbà tó yá, Abọ́dúndé ti ń bá a ṣeré, bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó ṣu ìmí lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Ọdún ń yí lu ọdún. Ní 1993, owó wọlé fún Abọ́dúndé, ó ní òun kò ní ra irú mọ́tò tí ará Pápá Àjàó ń rà mọ́. Ó ránṣẹ́ sílẹ̀ Jámánì, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé mọ́tò eré kan wá fún un, pupa bí ata rodo, ilẹ̀kùn méjì, àga méjì. Iye tí wọ́n ní ó rà á tó kọ́ ilé alájà kan sí Múṣin, kí ó tún kọ́ òmíràn sí Súrùlérè. Bábà tí ń gẹrun níkòríta gbọ́ ọ, ó ní ìṣirò náà kò le: ilé méjì, àga méjì, ẹni tó bá ti jókòó sí i, orí òrùlé ló jókòó sí. Wọ́n bi í pé níbo wá ni àwọn ọmọ Abọ́dúndé máa jókòó sí, mẹ́rin ni wọ́n. Ó ní wọn á máa sáré tẹ̀ lé e, ṣebí mọ́tò eré ni.

Mọ́tò náà fẹ̀ débi pé bí ó bá wọ òpópónà, ẹlẹ́rù á sún mọ́ ògiri. Ó sì kúrú débi pé ewúrẹ́ lè fò gun òrùlé rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, níbi tó yẹ kí búùtù wà. Iwájú ni wọ́n ń kó ẹrù sí, ẹrù náà kò sì gbọdọ̀ ju báàgì kan lọ. Ó lè sáré ju ohunkóhun tó ń rìn lójú títì Èkó, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti fẹ́ sá a láàrin Pápá Àjàó àti Ojú Ẹlẹ́gbà. Èyí kò dun Abọ́dúndé. Ohun tó dùn ún ni pé ní ọjọ́ tó gbé e dé, kọnkéré ilé rẹ̀ ga jù fún un. Imú mọ́tò náà gbá a, ikùn rẹ̀ họ ó sì dún, gbogbo àdúgbò pa ojú dé. Ó ṣẹ́rí rẹ̀ padà, ó fi í síta, àwọn ọmọ ilé ìwé sì fìka kọ orúkọ sí eruku ara rẹ̀.

Abọ́dúndé gbé aṣọ léèsì wá bá Adùnọlá. Ó jókòó lórí àpótí, ó yí ọ̀rọ̀ ká títí kó tó sọ ọ́. Bí Ìyá bá lè gba òun láàyè, òun á wó ògiri kékeré tó wà láàrin wọn, kí mọ́tò òun máa gba orí kọnkéré Ìyá wọlé. Kò sí ibòmíràn tó tẹ́ bíi tiwọn.

Adùnọlá ń fa okùn nínú awọ kan. Ó fà á tán kó tó dáhùn. “Mo gbà,” ó ní. “Gbé léèsì rẹ, mi ò gba nǹkan kan. Ohun kan ni mo fẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fọ mọ́tò náà, èmi ni kí n kọ́kọ́ jókòó sí i.”

Abọ́dúndé dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ládùúgbò wọn, bí ẹni kan bá fẹ́ fi ọtí àti oúnjẹ fọ mọ́tò tuntun, ẹni tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ jókòó sí i láti ṣàdúrà. Títí àgbà náà yóò fi jáde, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sítáàtì rẹ̀, wọn kì í sì í fi ọtí kan ẹnu. Abọ́dúndé lérò pé ìdáríjì ni Adùnọlá gbé lé òun lọ́wọ́.

Mobọ́lá, tó ti di tíṣà ní Yábà, gbọ́ ọ, ó wá bá ìyá rẹ̀. Ó mọ ìyá rẹ̀. “Màámi, ẹ jẹ́ kó lọ.”

“Èmi ò dá a dúró,” ni Adùnọlá wí.

Ọjọ́ fífọ mọ́tò pé. Abọ́dúndé pe àwọn èèyàn ńlá wá láti Súrùlérè àti láti òdìkejì odò. Mọ́tò náà gba orí kọnkéré Adùnọlá wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò họ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí Ìyá máa bọ̀.

Adùnọlá jáde wá pẹ̀lú aṣọ dúdú, ó gbé ọ̀rá kan tó ká sábẹ́ apá, irú èyí tí wọ́n fi ń bo àga tuntun. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó tẹ́ ọ̀rá náà sórí àga awọ, ó fà á dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé sí kọ̀rọ̀. Àwọn àlejò rò pé bí oníṣẹ́ àga ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń lọ sílẹ̀, ó tún ń lọ sílẹ̀, àga náà kò tètè dé. Nígbà tó jókòó tán, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Abọ́dúndé ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún àdúrà.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó la ojú. “Ìyá, à ń retí yín.”

“Kí ni mo tẹ́ sórí àga yìí, Abọ́dúndé?”

“Ọ̀rá ni, Ìyá.”

“Kí ló dé tí mo fi tẹ́ ẹ?”

Abọ́dúndé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn àlejò wà níbí.”

“Mo rí wọn. Tìtorí wọn ni mo ṣe wá. Sọ ohun tí o sọ fún mi ní Sátidé ìmọ́tótó. Má fi kún un, má yọ nínú ẹ̀. Tí o bá ti sọ ọ́, màá ṣàdúrà.”

Abọ́dúndé ní òun kò rántí. Mùktárù, tó ti ń ta táyà báyìí, wà lẹ́nu géètì. Ó ní, “Ọ̀gá, èmi rántí. Ṣé kí n bá yín sọ ọ́?”

Ọtí wà lórí tábìlì, ó ń gbóná. Kò sí ẹni tó lè wọ́ ìyá àgbà jáde nínú mọ́tò lójú àwùjọ, Adùnọlá sì jókòó bí ẹni tí kò níbi tí ń lọ.

“Mo ní…” Abọ́dúndé wo ilẹ̀. “Mo ní omi ara ọmọ yín á ba àga mi jẹ́.”

“Ọmọ wo?”

“Mobọ́lá.”

“Níbo ló ń lọ?”

“Ìdí-Àràbà.”

“Kí ló ń ṣe é?”

“Ó ń rọbí.”

Ìyàwó Abọ́dúndé dìde, ó wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò gbé ife tí kò tíì mu kalẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀. Adùnọlá mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí ojú abẹ́rẹ́ bá gún. Ó wá ṣàdúrà tó ṣèlérí.

“Mọ́tò rẹ dára, Abọ́dúndé. Kí Ọlọ́run má mú ọjọ́ náà wá tí wàá nílò àga kan, tí ẹni tó ni ín á máa nù ún lójú ẹ.”

Abọ́dúndé nìkan ló ṣe àmín.

“Fà mí dìde,” ni Adùnọlá wí.

Abọ́dúndé na ọwọ́, kò tó o. Ó bẹ̀rẹ̀, agbádá rẹ̀ há sábẹ́ ilẹ̀kùn. Mọ́tò náà kúrú jù; kò sí bí ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè fa àgbàlagbà jáde nínú rẹ̀ ní ìdúró. Ó fi eékún kan kalẹ̀, ó fi èkejì kalẹ̀, ó wá di kí ó fi àyà lélẹ̀ kí ó tó lè ki apá bọ abẹ́ apá Adùnọlá. Ẹni tó bá wà lọ́nà jíjìn á sọ pé ó ń dọ̀bálẹ̀. Adùnọlá kò yára. Ó yọ ẹsẹ̀ kan jáde, ó sinmi, ó yọ èkejì jáde.

Nígbà tó dìde tán, Abọ́dúndé, tí eruku wà ní gbogbo àyà rẹ̀, nawọ́ láti ká ọ̀rá náà kúrò lórí àga.

“Fi í sílẹ̀,” ni Adùnọlá wí. “Ó lè di ọjọ́ kan kí o gbé aboyún.”

Kò dí ọ̀nà orí kọnkéré rẹ̀, nítorí ó ti ṣèlérí. Mọ́tò pupa náà ń gba ibẹ̀ kọjá, lẹ́yìn náà kò gba ibẹ̀ mọ́. Abọ́dúndé tà á fún ẹnìkan ní òdìkejì odò, ó ní kò wúlò fún ẹni tó ní ìdílé. Àwọn tó yọjú wo inú rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń gbé e lọ ní ọ̀rá ṣì wà lórí àga.

Mobọ́lá bi ìyá rẹ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ ti wá balẹ̀. Adùnọlá ń ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Okùn náà tàsé, ó tún un kì bọ̀ ọ́.

“Ọmọ yẹn ì bá ti máa fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sílé ìwé,” ó ní.